Array ní ó yege, fíìmù ní kò yege: èwo ni kí n gbà gbọ́?

Òṣùwọ̀n_Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé yìí. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ ní sùúrù fún mi.

Kókó jẹjẹrẹ mẹ́ta ló wà nínú ọpọlọ aláìsàn kan tí a fẹ́ fi ìtànṣán tọ́jú. Èyí tó tóbi jù fẹ̀ tó 2 cm, èyí tó kéré jù kò tó 1 cm. VMAT ni ètò náà (ẹ̀rọ ń yípo aláìsàn bó ṣe ń tú ìtànṣán), isocenter kan, ìyẹn ojú kan tí ẹ̀rọ ń yípo, la lò fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 9 Gy (Gy ni òṣùwọ̀n ìtànṣán tí ara gbà) lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta. Inú kókó kọ̀ọ̀kan gba ìtànṣán ju etí rẹ̀ lọ, ó ń sún mọ́ 12 Gy.

Kí a tó gbé aláìsàn sórí bẹ́ẹ̀dì, mo yẹ ètò náà wò lọ́nà méjì. Array oníchamber, ìyẹn pátákó tí ọ̀pọ̀ ohun ìwọ̀n kéékèèké (chamber) tò sí, ni mo kọ́kọ́ lò: gámà 3%/2 mm (ìfiwé ohun tí a wọ̀n àti ohun tí a ṣètò, pẹ̀lú àyè 3% ní ìwọ̀n àti 2 mm ní ọ̀nà jíjìn), 98% ló yege. Lẹ́yìn náà mo ki fíìmù EBT3, èyí tí ìtànṣán ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà, sáàárín àwọn pákó ike tó ń ṣe bí omi, mo tan ìtànṣán ètò kan náà sí i, mo sì ṣe síkáànì rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìpele kan, nítorí náà fíìmù kan ṣoṣo gbà wọ́n. Fíìmù ní 84% péré ló yege.

Nígbà tí mo tẹjú mọ́ ọn, kókó méjì tó bọ́ sí àárín fíìmù lọ sílẹ̀ sí ohun tí kọ̀ǹpútà ìṣètò sọ. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ sókè. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní fíìmù ti di nǹkan àtijọ́, pé array ti sọ̀rọ̀ tán, ká máa bá iṣẹ́ lọ. Ọkàn mi ò gbà á. Kí lẹ rí sí i?

Ewé_Tungsten

Kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹjọ́, dá mi lóhùn ná. Báwo lo ṣe tẹ́ fíìmù sórí síkánà, ní òòró àbí ní ìbú? Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tẹ́ àwọn fíìmù tí ẹ fi ya ìlà àfiwé, ìyẹn ìlà tó ń sọ àwọ̀ di Gy? Ibo lórí gíláàsì ni kókó ẹ̀gbẹ́ yẹn bọ́ sí? Báwo ló ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn ìtànṣán kí o tó ṣe síkáànì? Àwọ̀ wo lo kà? Ìlà àfiwé yín dé Gy mélòó? Páálí kan náà ni gbogbo fíìmù ti jáde?

Òṣùwọ̀n_Tuntun

Ẹ ṣé, ọ̀gá. Òòró ni mo tẹ́ ẹ, òòró náà ni ti ìlà àfiwé. Àwọ̀ pupa ni mo kà. Ìlà àfiwé wa dé 15 Gy, páálí kan náà ni gbogbo fíìmù sì ti jáde.

Lórí gíláàsì, igun òsì ni àṣà ibi iṣẹ́ wa ní ká fi fíìmù tì kó lè tọ́. Kókó ẹ̀gbẹ́ yẹn wá bọ́ sí etí gan-an. Ege kéékèèké ni àwọn fíìmù ìlà àfiwé, àárín ni wọ́n tẹ́ àwọn sí. Ní ti àkókò, àwọn ti ìlà àfiwé sùn di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó kà wọ́n. Tèmi kò tó wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dákẹ́.

Bàbá_Línákì

Ó ti jáde. Ọ̀ràn méjì ló lọ́ mọ́ra wọn, ẹ jẹ́ ká tú wọn.

Fíìmù yìí kì í dákẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Ohun tí ìtànṣán dá sílẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì ń lọ, àwọ̀ ń jinlẹ̀ sí i, kíákíá ní ìbẹ̀rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn náà. Bí o bá wá fi ìlà tí wọ́n fi fíìmù ọjọ́ kejì yà ka fíìmù tí kò tíì tó wákàtí kan, àwọ̀ rẹ̀ kò ní tíì jinlẹ̀ tó, Gy tí ìlà náà máa fún ọ yóò sì kéré ju òótọ́ lọ. Ohun tó fa kókó àárín méjèèjì wálẹ̀ nìyẹn, tàbí ó kéré tán, ó wà lára rẹ̀.

Ti ẹ̀gbẹ́ yàtọ̀. Síkánà onígíláàsì tí gbogbo wa ń lò, wọn kò ṣe é fún iṣẹ́ wa rárá, fọ́tò ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn kírísítálì inú fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n gùn, wọ́n sì kọjú sí ọ̀nà kan náà. Wọ́n ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, wọ́n tún ń darí bí ó ṣe ń mì. Dígí tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ lọ sí ojú síkánà kì í gba èyí tó ti ẹ̀gbẹ́ wá bó ṣe ń gba ti àárín. Nítorí náà ibi kan náà lórí fíìmù kan náà yóò hàn bíi pé ó dúdú sí i bí o bá sún un lọ sí etí. Bí Gy ṣe ń ga ni àṣìṣe yìí ń ga. Ní 1 Gy, o lè má tilẹ̀ fura. Ní 12 Gy, ó ti tó láti ba orúkọ ètò tó dára jẹ́.

Ìbú síkánà nìkan ni ìṣòro yìí wà, ìyẹn ọ̀nà tí gílóòbù rẹ̀ nà sí. Ọ̀nà tí gílóòbù ń rìn kò ní wàhálà púpọ̀. Tẹ́ fíìmù rẹ kí kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò sí ọ̀nà ìrìn yẹn, ní àárín gbùngbùn. Ṣùgbọ́n tí èyí bá máa sọ òòró di ìbú, o gbọ́dọ̀ ya ìlà àfiwé mìíràn fún ìbú. Kírísítálì tó kọjú sí ọ̀nà kan ò ní dárí jì ọ́.

Atọ́sọ́nà_Bẹ́ẹ̀dì

Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe onífísíìsì, èmi ni mo ń to aláìsàn sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo máa ń rí i tí ẹ ń gé fíìmù yìí nínú iná gbangba. Fíìmù X-ray tí mo kọ́ nípa rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, inú òkùnkùn ni, ẹ̀rọ oníkẹ́míkà ló ń fọ̀ ọ́. Kí ló dé tí eléyìí ò nílò ìkankan?

Aláwọ̀_Mẹ́ta

Ìbéèrè gidi. Fàdákà ló wà nínú ti àtijọ́, ìtànṣán ń fi àmì tí ojú kò rí sílẹ̀ lára rẹ̀, kẹ́míkà ló ń sọ àmì náà di dúdú. Diacetylene ló wà nínú ti ìsinsìnyí. Bí ìtànṣán bá kàn án, àwọn ègé kéékèèké inú rẹ̀ so mọ́ra wọn di ẹ̀wọ̀n gígùn lójú ẹsẹ̀, ẹ̀wọ̀n náà sì ní àwọ̀ búlúù. Kò sí ohun tí wọ́n ń fọ̀. Ìmọ́lẹ̀ pupa ni ẹ̀wọ̀n yẹn ń gbé mì jù, nítòsí 636 nm, ìdí nìyẹn tí Òṣùwọ̀n fi ka àwọ̀ pupa. Àwọ̀ òféèfé tí ẹ máa ń rí kí ẹ tó lò ó, aró òféèfé tí wọ́n fi sí i ni. Ó ń jẹ́ ká mọ ibi tó nípọn àti ibi tó fẹ́lẹ́ lára fíìmù.

Fún EBT3, ìpele tó ń ṣiṣẹ́ nípọn tó nǹkan bíi 28 micrometer, ó wà láàárín ike méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó 125. Ìmọ́lẹ̀ inú yàrá kò ní bà á jẹ́ fún ìwọ̀nba àkókò tí a fi ń gé e, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ sójú fèrèsé. Oòrùn ń kùn ún. Àpò dúdú ni ibùgbé rẹ̀.

Bàbá_Línákì

Kí n fi kún un fún Atọ́sọ́nà. Kì í ṣe òkùnkùn nìkan la fi sá fún fàdákà. Nọ́ńbà átọ́ọ̀mù fàdákà jẹ́ 47, ti omi ara wa kò ju nǹkan bíi 7 lọ tí a bá ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ìtànṣán tí agbára rẹ̀ ti rẹlẹ̀, irú èyí tó ń fọ́n ká nínú ara tó sì pọ̀ sí etí pápá, fàdákà a máa gbé e mì ju bí ara ènìyàn ṣe ń ṣe lọ. Fíìmù á wá pariwo ibi tí kò sí ariwo. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi fíìmù XV àti EDR2 ti Kodak jà lórí ìyẹn, AAPM (ẹgbẹ́ àwọn onífísíìsì ìṣègùn ní Amẹ́ríkà) sì kọ ìwé TG-69 nípa irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ní 2007, nígbà tí àwọn ilé ìwòsàn ti ń kó ẹ̀rọ ìfọ̀ wọn jáde. Kẹ́míkà tó ti pẹ́, omi tí kò gbóná tó, gbogbo rẹ̀ ló ń yí èsì padà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mi ò ṣe àárò rẹ̀ rárá.

Kánkán_Niṣẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú sí mi. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí ló ń ti ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn. Fíìmù ní kí o dúró di ọ̀la, síkánà ní kí o má fọwọ́ kan etí. Array á fún ọ ní èsì kí o tó dìde lórí àga. Awòrán tó wà lára ẹ̀rọ, EPID, tilẹ̀ yá jù ú lọ. Iṣẹ́ wà nílẹ̀, aláìsàn ń dúró.

Ewé_Tungsten

Mo gbà pé ó yá. Sọ fún mi: kí ni array yẹn rí? Ọ̀pọ̀ array oníchamber, chamber kan sí èkejì tó 7 mm sí 10 mm. Kókó tó kéré jù lọ́wọ́ Òṣùwọ̀n kò tó 1 cm. Ó ṣeé ṣe kí chamber kan péré bọ́ sínú rẹ̀, kí èyí tó kàn sì wà níbi tí ìtànṣán ti ń já wálẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Chamber náà fúnra rẹ̀ ní ìbú, ohun tó wà nínú ìbú yẹn ló ń pín dọ́gba. Fíìmù tí o bá ṣe síkáànì rẹ̀ ní 72 dpi, píksẹ́lì kan jẹ́ 0.35 mm. Ka iye píksẹ́lì tó máa wà nínú kókó kan náà.

Fún pápá ńlá, máa lo array rẹ, èmi náà ń lò ó. EPID dára, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ló ń fi hàn. Ìtànṣán tó kóra jọ láti gbogbo igun sínú ike tó ń ṣe bí omi, fíìmù ló gbà á sára lẹ́ẹ̀kan náà.

Kánkán_Niṣẹ́

Ṣùgbọ́n 98% yege. 98 kì í ṣe nǹkan kékeré.

Bàbá_Línákì

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ohun tí ìdá gámà ń ṣe fún ọ nìyẹn.

Rántí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí Low àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé e jáde ní 1998, ibi kọ̀ọ̀kan la ń bi pé: ṣé nǹkan tó jọ ọ́ wà nítòsí, ní ìwọ̀n àti ní ọ̀nà jíjìn? Ìwé TG-218 tí AAPM gbé jáde ní 2018 ní ká lo 3%/2 mm, kí 95% yege, kí a má sì jẹ́ kó já sí ìsàlẹ̀ 90% láìgbé ìgbésẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n 3% ti kí ni? Ti ibi tó ga jù lọ nínú ètò. Níbi tí ìtànṣán kò ti pọ̀, 3% ti 12 Gy jẹ́ àyè gbígbòòrò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí kò ní yege. Ibi tí ìtànṣán kò ti pọ̀ yìí ló sì gba ilẹ̀ jù láyìká kókó mẹ́ta wọ̀nyí. Kókó kékeré yẹn lè kùnà pátápátá, kí ó má ju ìdá kan tàbí méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún.

Òṣùwọ̀n, má fi ìdá bẹ̀rẹ̀. Fa ìlà kọjá láàárín kókó kọ̀ọ̀kan, kí o fi ti fíìmù lé ti kọ̀ǹpútà lórí. Bí òkè rẹ̀ bá yẹ̀ sápá kan, ibi ló ṣì. Bí ó bá dúró síbi tó yẹ tí kò sì ga tó, ìwọ̀n ló ṣì. Nínú ètò oní-isocenter kan, kókó tó jìnnà sí isocenter ní 6 cm, ìyíbírí 1° péré yóò sún un ní nǹkan bíi 1 mm. Phantom, ìyẹn àwọn pákó ike yẹn, tí kò tò dáadáa lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ. Fi abẹ́rẹ́ gún fíìmù níbi tí léésà bá a, kí o lè mọ ibi tó wà.

Òṣùwọ̀n_Tuntun

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé mo lè dín MU ètò náà (iye ìtànṣán tí ẹ̀rọ máa tú jáde) kù sí ìdajì kí fíìmù lè gbà á dáadáa? Mo rí i pé lókè 10 Gy, ìlà àfiwé àwọ̀ pupa ti ń tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ewé_Tungsten

Má ṣe é. Bí o bá dín MU kù nínú VMAT, ẹ̀rọ á yí bó ṣe ń tú ìtànṣán jáde tàbí bó ṣe ń yára yípo, àwọn ewé irin tó ń dí ìtànṣán lẹ́nu ẹ̀rọ náà á rìn lọ́nà mìíràn. Ètò mìíràn lo wọ̀n nìyẹn. Fíìmù ni kí o pààrọ̀: EBT3 ń ṣe dáadáa dé nǹkan bíi 10 Gy, EBT-XD dé 40. Ti XD tún ní àǹfààní kan, àwọn kírísítálì rẹ̀ kéré, wàhálà etí síkánà kò pọ̀ tó ti EBT3. Bí XD kò bá sí nílẹ̀, ka àwọ̀ ewé. Kì í tètè rẹ̀ ẹ́ bíi ti pupa.

Aláwọ̀_Mẹ́ta

Tàbí kó ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Micke, Lewis àti Yu ló kọ nípa rẹ̀ ní 2011. Ìrònú wọn ni pé Gy kan náà gbọ́dọ̀ jáde láti inú pupa, ewé àti búlúù. Bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan níbì kan, kì í ṣe ìtànṣán ló yàtọ̀ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé fíìmù nípọn jù, tàbí síkánà ló ń ṣe tirẹ̀. A ó yọ apá tí wọ́n fi yàtọ̀ kúrò, ìyókù ni Gy. Ó ń ran ti etí síkánà lọ́wọ́ díẹ̀, kò wò ó sàn.

Ní ti dídúró di ọ̀la tí Kánkán ń ráhùn lé lórí, Lewis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ti ṣe ọ̀nà kan jáde ní 2012. Tan ìtànṣán tí o mọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ege fíìmù kan láìpẹ́ lẹ́yìn ti ètò, mú ege mìíràn tí kò rí ìtànṣán rárá, kí o tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí gíláàsì pa pọ̀, síkáànì ẹ̀ẹ̀kan. Ege méjì tí o mọ̀ yìí ló máa fa ìlà àfiwé yín wá sí ipò ọjọ́ náà. Bí àlàfo láàárín ìtànṣán méjèèjì bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, dúró fún ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, ó parí. O lè ka èsì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ má gbàgbé láti pa gbogbo àtúnṣe àwọ̀ inú ètò síkánà. Ó máa ń fẹ́ kí fọ́tò rẹwà, ìyẹn kò kàn wá. Fi gíláàsì tẹ fíìmù mọ́lẹ̀ pẹ̀lú, torí fíìmù tó ká sókè díẹ̀ ń yí iye tí síkánà kà padà.

Òṣùwọ̀n_Tuntun

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí EBT-XD, mo ya ìlà àfiwé tuntun dé 20 Gy, mo tan ètò náà bó ṣe wà, mo gba ọ̀nà síkáànì ẹ̀ẹ̀kan tí ọ̀gá Aláwọ̀ ṣàlàyé. Àárín gíláàsì ni mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sí, mo ka àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Gámà ti gòkè, ó kọjá 96%. Kókó ẹ̀gbẹ́ ti wálẹ̀ sí ipò rẹ̀, ó bá kọ̀ǹpútà mu. Kókó ńlá náà bá a mu. Èyí tó kéré jù nìkan ni kò gbọ́. Ibi tó wà tọ̀nà, kò yẹ̀ rárá. Òkè rẹ̀ ni kò ga tó, ó fi nǹkan bíi 5% kéré sí ti kọ̀ǹpútà ìṣètò.

Kánkán_Niṣẹ́

96 yege, àbí? Ó ti kọjá 95.

Bàbá_Línákì

Kánkán, ọmọ mi, kókó kan nínú mẹ́ta tí kò ní gba ìtànṣán tó yẹ ni ìwọ ń pè ní yege.

Òṣùwọ̀n, má tíì gba fíìmù gbọ́ nìkan. Wá dáyọ́ọ̀dù kékeré tàbí microDiamond, kí o wọn àárín kókó yẹn gan-an. Ìwé TRS-483 tí IAEA (àjọ àgbáyé fún agbára átọ́ọ̀mù) àti AAPM gbé jáde ní 2017 sọ bí a ṣe ń tún iye irú àwọn ohun ìwọ̀n wọ̀nyí ṣe nínú pápá kékeré. Bí àwọn méjì tí kò bára tan bá sọ ohun kan náà, kọ̀ǹpútà ni yóò jẹ́jọ́.

Òṣùwọ̀n_Tuntun

Ẹ̀rọ microDiamond gbè sẹ́yìn fíìmù, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò tó 1%. Ọ̀gá mi wá wo ìlà náà fúnra rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní ká dá ètò náà dúró ná. A ó tún un ṣe. Ìbéèrè tó kù: ó fẹ́ ká yí iye àlàfo ewé nínú kọ̀ǹpútà ìṣètò padà títí kókó yìí yóò fi bá a mu. Ṣé ó tọ́?

Ewé_Tungsten

Rárá o! Iye kan náà ni gbogbo ètò tó kù ń lò, ti ọrùn, ti àyà, ti ìdí. Bí o bá fi kókó kan tún un ṣe, ìwọ̀n gbogbo ètò wọ̀nyẹn yóò yí padà lọ́jọ́ kan náà. Lọ wọn pápá kéékèèké tí ewé ṣe, 3 cm, 2 cm, 1 cm, kí o fi wọ́n wé ohun tí kọ̀ǹpútà sọ fún wọn. Bí 1 cm nìkan bá yẹ̀, àwòṣe orísun ìtànṣán inú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe ewé. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń yẹ̀ sí apá kan náà bí àlàfo ṣe ń dín, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀.

Fún aláìsàn yìí, tún ètò ṣe kí ewé má fi àlàfo tín-ínrín tó bẹ́ẹ̀ kọjá lórí kókó kékeré náà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìṣètò ní ibi tí o ti lè sọ fún un pé kó má jẹ́ kí ètò lọ́jú pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, fíìmù lẹ́ẹ̀kan sí i.

Òṣùwọ̀n_Tuntun

Mo ti gbọ́. Ọ̀la ni a ó wọn pápá kéékèèké. Mo máa gbé èsì rẹ̀ wá síbí.